Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Ta Ọjà fún Ìjọba, Ìwé Yín Dà?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gba Ore kọjá lọ sí Èkó tàbí sí Ìbíní rí ni yóò jẹ́rìí pé ìlú oníṣòwò ni ìlú wa. Ní oríta, lábẹ́ afárá gíga, àwọn obìnrin a máa sáré tọ ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì lórí àtẹ. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù a máa kó igi gẹdú, gàárì, epo pupa àti kòkó kọjá tọ̀sán-tòru. Láti Odigbo wá sí Ore, kò sí ohun tí ènìyàn fẹ́ rà tí kò ní rí. Ṣùgbọ́n oníbàárà kan wà tí ó tóbi ju gbogbo oníbàárà lọ. Bí ó bá fẹ́ ra àga, kì í ra ẹyọ kan. Ọgọ́rùn-ún ni yóò rà. Bí ó bá fẹ́ ra ìwé, ẹrù ọkọ̀ kan ni. Oníbàárà náà ni ìjọba, èyí tí ó sì sún mọ́ wa jù lọ nínú àwọn ìjọba ni ìjọba ìbílẹ̀.

Ìjọba Ìbílẹ̀ Odigbo, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ore, ni ó ń ṣe àkóso àgbègbè tí ènìyàn 230,351 ń gbé nígbà ìkànìyàn ọdún 2006. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 fi ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìpẹran, ìtẹ́ òkú, ojú títì kéékèèké àti gọ́tà sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì fún un ní ipa tirẹ̀ nínú ètò ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tí a lè ṣe láì ra nǹkan lọ́wọ́ ẹnì kan. Sìmẹ́ńtì, páànù, pákó, ṣọ́ọ̀kì, epo ọkọ̀, ìgbálẹ̀ pàápàá, ọwọ́ oníṣòwò ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń wí pé, "Òfin ìjọba ni kò jẹ́ kí oníṣòwò kékeré rí jẹ." Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, n ó sì dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú èmi rí ní ilé bàbá mi kọ́ mi pé òfin kan náà tí ó dàbí ọgbà lójú oníṣòwò, òun náà ni apata rẹ̀, bí ó bá mọ bí a ti ń dì í mú.

ỌRỌ̀ ẸNU KÌ Í SAN GBÈSÈ

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ìsọ̀ pákó ní Ore. Ó mọ igi bí èmi ti mọ a-b-d. Bí ó bá fi ọwọ́ kan pákó nínú òkùnkùn, yóò sọ fún ọ bóyá afàrà ni tàbí ìrókò. Ṣùgbọ́n ìwé kíkọ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ni akọ̀wé rẹ̀ nígbà tí ó bá rántí pé òun ní akọ̀wé.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, òṣìṣẹ́ kan láti ìjọba ìbílẹ̀ kan, tí kì í ṣe ti àgbègbè wa, tí n kò sì ní dárúkọ, pè é lórí fóònù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ wọlé. A ń fẹ́ 60 dẹ́sìkì kíákíá. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn." Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Ó yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́ṣowọ́pọ̀, ìyàwó rẹ̀ fi owó àjọ tirẹ̀ kún un, wọ́n sì gbé iṣẹ́ fún káfíńtà mẹ́rin. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, dẹ́sìkì ti pé. Wọn kò gbé e lọ sí sítọ́ọ̀ ìjọba. Òṣìṣẹ́ náà ní kí wọ́n já a sí ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta tààrà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan fún wọn ní omi tútù, ó sì gbàdúrà fún wọn. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Oṣù kan kọjá, oṣù méjì kọjá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé sẹkitéríàtì, wọ́n ní a ti gbé òṣìṣẹ́ náà lọ sí ibòmíràn. Ẹni tí ó jókòó sí àyè rẹ̀ jẹ́ ọmọlúàbí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi dé òpin, ó wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Bàbá, ìwé yín dà?"

Ìwé kò sí. Dẹ́sìkì wà, àwọn ọmọ ń jókòó lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba ẹnikẹ́ni kò ra dẹ́sìkì. Títí di òní, owó náà kò tíì wọlé. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́ṣowọ́pọ̀ kò sì mọ ìyẹn sí. Owó wọn ni wọ́n ń fẹ́, àti èlé orí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìfági tí ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún márùn-ún kó owó rẹ̀ jọ ni ó tà láti fi san gbèsè.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé ìkà ni ẹni tí ó béèrè pé, "Ìwé yín dà?" Bí ó bá fọwọ́ sí owó láìsí ìwé, àwọn ayẹ̀wéwò lè gba owó náà padà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ ẹ̀gbọ́n mi ni ẹni tí ó ní "ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn." Ẹ̀gbọ́n mi náà sì ṣẹ ara rẹ̀, nítorí pé ó gbà á gbọ́.

IBI TÍ ÒFIN NÁÀ TI WÁ

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1976, ọdún kan náà tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, ìjọba ológun tún ètò ìjọba ìbílẹ̀ tò káàkiri Nàìjíríà. Lẹ́yìn àtúntò yẹn ni ìwé ìlànà ìnáwó tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní Financial Memoranda di atọ́nà fún akápò, olùtọ́jú sítọ́ọ̀ àti ayẹ̀wéwò. Ìwé yìí ni ó ní kí a má ṣe ná owó tí kò sí nínú ètò ìsúná, kí ìgbìmọ̀ téńdà yẹ àwọn iṣẹ́ ńlá wò, kí ìwé sì wà lẹ́yìn gbogbo owó tí a bá san.

Ṣùgbọ́n ìwé wà, ìwà kò sí. Nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní ọdún 1999, Ìjọba Àpapọ̀ àti Báńkì Àgbáyé jọ wádìí bí a ti ń ra ọjà ìjọba. Ohun tí a ń tọ́ka sí nínú ìwádìí náà láti ìgbà yẹn ni pé, nínú ₦1 kọ̀ọ̀kan tí ìjọba ń ná, nǹkan bí kọ́bọ̀ 60 ni ó ń bá ìwà àbòsí lọ. Ní ọdún 2001, ní àkókò Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, a dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Due Process, tí yóò máa yẹ iye owó iṣẹ́ wò kí a tó gbé e jáde. Ní ọdún 2007, ó di òfin tí a ń pè ní Public Procurement Act.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, nítorí pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò ni ó ń ṣì í mú. Òfin ọdún 2007 yìí, ti Ìjọba Àpapọ̀ ni. Bí o bá ń ta ọjà fún ilé ìwòsàn tàbí ilé ẹ̀kọ́ Ìjọba Àpapọ̀, òun ni ó dè ọ́. Kò de ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Ìpínlẹ̀ ni ó ń ṣe òfin tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní tirẹ̀, ó sì ní ọ́fíìsì tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ ríra ọjà ìjọba. Àwọn òfin ìpínlẹ̀ fi ara jọ ti Ìjọba Àpapọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n iye owó àti iye ọjọ́ lè yàtọ̀. Nítorí náà, níbikíbi tí mo bá ti dárúkọ òfin 2007 nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, kí ẹ sì béèrè ti ìpínlẹ̀ ní sẹkitéríàtì kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan.

BÍ ÌWÉ TI Ń RÌN

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú tẹ̀ lé páálí ṣọ́ọ̀kì láti ìsọ̀ oníwèé títí dé ìgbà tí owó rẹ̀ yóò fi wọ báǹkì.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé owó ṣọ́ọ̀kì gbọ́dọ̀ wà nínú ètò ìsúná ọdún náà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni tí ó bá ní kí o gbé ṣọ́ọ̀kì wá kò ní ohun tí yóò fi san án. Olórí ẹ̀ka tí ó nílò rẹ̀ ni yóò kọ̀wé béèrè fún un. Bí ọjà náà kò bá pọ̀, wọn yóò gba ìwé iye owó lọ́wọ́ oníṣòwò mẹ́ta ó kéré tán, àwọn mẹ́ta tí kò ní nǹkan pọ̀. Bí ọjà náà bá pọ̀, wọn yóò kéde rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Òfin 2007 ní ìkéde irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ọjọ́ ìparí tó pé. Inú àpò ìwé tí a lẹ̀ pa ni kí olúkúlùkù fi iye owó tirẹ̀ sí, ojú gbogbo àwọn tí ó díje ni a ó sì ti ṣí wọn. Ẹni tí iye owó rẹ̀ kéré jù lọ nínú àwọn tí ó kúnjú ìwọ̀n ni iṣẹ́ tọ́ sí. Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ní "nínú àwọn tí ó kúnjú ìwọ̀n." Ẹni tí ó bá dá iye owó sí ilẹ̀ pátápátá, tí kò sì ní ìwé owó orí, kò kúnjú ìwọ̀n.

Lẹ́yìn èyí ni L.P.O. yóò jáde. Ìwé kékeré yìí ni ìyá gbogbo ìwé. Nínú rẹ̀ ni orúkọ ọjà, iye rẹ̀, owó rẹ̀, àti ọwọ́ ẹni tí ó ní àṣẹ wà. Bí o bá ti gbà á, gbé ọjà lọ sí sítọ́ọ̀, má gbé e lọ sí ibòmíràn àfi bí a bá kọ ọ́ sínú L.P.O. Olùtọ́jú sítọ́ọ̀ yóò kà á, yóò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, yóò sì fún ọ ní ìwé ẹ̀rí pé òun gbà á. Ìwọ yóò wá kọ bíìlì. Ìgbà náà ni fáúṣà yóò bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò tirẹ̀: láti ẹ̀ka sí ọ̀dọ̀ ayẹ̀wéwò inú ilé, láti ibẹ̀ sí ọ̀dọ̀ akápò, kí owó tó lọ sí báǹkì.

Ẹ fi ìka kà á: ìwé iye owó, L.P.O., ìwé ìjájà tí a fọwọ́ sí, ìwé sítọ́ọ̀, àti bíìlì. Ìka márùn-ún ni ọwọ́ ní. Bí ọ̀kan bá gé, a ó rí i pé ó gé.

Kí o tó lè wọ inú ìdíje rárá, àwọn ìwé kan wà tí wọn yóò bi ọ́ léèrè. Orúkọ iṣẹ́ rẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé Àjọ Ìforúkọ Ilé Iṣẹ́ Sílẹ̀ tí a ń pè ní C.A.C. O gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí owó orí, ti ọdún mẹ́ta ni wọ́n sì sábà máa ń béèrè. Fún iṣẹ́ tí ó bá tóbi, wọ́n tún lè béèrè ìwé owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ rẹ, àti ti I.T.F. àti N.S.I.T.F. Ibí ni igbe àwọn oníṣòwò kékeré ti ń ga jù lọ, wọn kò sì jẹ̀bi. Obìnrin tí òun àti ọmọ rẹ̀ nìkan ń tọ́jú ìsọ̀ kò ní òṣìṣẹ́ tí yóò san owó ìfẹ̀yìntì fún, síbẹ̀ bí a bá kọ ọ́ sínú ìkéde, kò lè fò ó. Ilé iṣẹ́ ńlá láti Èkó ní akọ̀wé mẹ́wàá tí ń ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní èmi nìkan.

ÌWÉ MẸ́TA, ỌWỌ́ KAN

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí a máa sá fún ekòló. Lẹ́yìn ìyà dẹ́sìkì, ẹ̀gbọ́n mi búra pé òun kò ní gbé ẹsẹ̀ láìsí ìwé mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí a ti ń sá fún iná ni a ti kó sínú omi, èmi gan-an ni mo sì tì í sí i.

Ọ́fíìsì ìjọba mìíràn fẹ́ ra àpótí ìkówèésí. Òṣìṣẹ́ ní, "Ẹ mú ìwé iye owó mẹ́ta wá." Ẹ̀gbọ́n mi yá bébà olórúkọ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì tí wọ́n jọ ń ta pákó. Èmi ni mo jókòó tí mo tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí kọ̀ǹpútà. Mo fi owó ti ẹ̀gbọ́n mi sí ìsàlẹ̀, mo fi díẹ̀ lé ti àwọn méjì yòókù. Mo rò pé oore ni mo ń ṣe. Kò sí ẹni tí ó sọ fún mi nínú ìlú pé ó burú. Gbogbo ènìyàn ni ó ń ṣe é.

Ayẹ̀wéwò tí ìwé náà dé iwájú rẹ̀ jẹ́ ìyá àgbà kan tí ó ti sún mọ́ ìfẹ̀yìntì. Ó tẹ́ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹgbẹ́ ara wọn, ó wò wọ́n títí, ó sì ránṣẹ́ pè wá. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí mo ṣì kọ. Mo sì ṣì í kọ bákan náà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyá náà fi gègé nà án sí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó kọ́ àwọn alápákó mẹ́ta yìí ní ìwé, tí gbogbo wọn fi gba òdo sórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo?" Ilẹ̀ kò lanu kí n wọlé. Ó fagi lé iṣẹ́ náà. Ó ní bí òun bá fẹ́ ṣe ìkà, ohun tí òun yóò ṣe pọ̀ ju fífagilé lọ.

Òótọ́ ni ó sọ. Nígbà tí mo ka òfin 2007, ara mi bù máṣọ. Kí àwọn oníṣòwò máa gbìmọ̀ pọ̀ lórí iye owó, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Kí a gé iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́ kí ó má baà dé iwájú ìgbìmọ̀ téńdà, ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba tí a bá sì dá lẹ́bi yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 5, tí kò sì ju ọdún 10 lọ, láìsí àǹfààní owó ìtanràn. Nítorí náà, ìwọ tí o yá ọ̀rẹ́ rẹ ní bébà olórúkọ nítorí àtijẹ àtimu, ọrùn ara rẹ ni o yá a. Bí òṣìṣẹ́ kan bá sì ní òun yóò fún ọ ní L.P.O. mẹ́rin fún ọjà kan ṣoṣo, bi í pé kí ni ó dé tí kò fi jẹ́ ọ̀kan.

OWÓ TÍ KÌ Í TÈTÈ WỌLÉ

Ẹni tí ó kọ́ wa ní ọgbọ́n níkẹyìn ni ìyá oníwèé kan ní Odigbo. Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Ó ń ta ìwé kíkọ, ṣọ́ọ̀kì àti rẹ́gísítà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: "Kò sí L.P.O., kò sí ṣọ́ọ̀kì." Bí alága fúnra rẹ̀ bá fi fóònù pè é, yóò kúnlẹ̀ níbi tí ó wà, yóò kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, yóò sì ní, "Ẹ ṣeun, bàbá, mo ń retí ìwé."

Mo bi í pé, "Ìyá, ṣé bí ìwé bá ti pé, owó a máa tètè dé?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gbèsè kan pẹ́ lọ́dọ̀ oníbàárà bẹ́ẹ̀ fún oṣù méje kí òun tó gbà á. "Ṣùgbọ́n mo gbà á, Tíṣà. Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́?"

Kí ni ó fà á tí owó fi ń pẹ́? Òfin 2007 ní bí ọjọ́ 60 bá ti kọjá lẹ́yìn tí a fi bíìlì sílẹ̀ tàbí tí a fọwọ́ sí i pé ó tọ́, owó náà ti pẹ́, èlé sì tọ́ sí oníṣòwò gẹ́gẹ́ bí àdéhùn bá ti wí. Nígbà tí a ṣe òfin kan náà ní ọdún 2007, ó gbà kí a fún agbaṣẹ́ṣe ọmọ Nàìjíríà ní owó ìbẹ̀rẹ̀ tí kò ju 15 nínú 100 lọ. Ṣùgbọ́n L.P.O. kékeré kì í dárúkọ èlé. Lọ́dọ̀ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ sì rèé, okùn mìíràn tún wà ní ọrùn owó náà. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dá àpò kan sílẹ̀ tí ìpínlẹ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ jọ ń lò. Inú rẹ̀ ni a ti ń kọ́kọ́ yọ owó oṣù àwa olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó àwọn tí ó ti fẹ̀yìntì. Èmi tí mo ń jẹ nínú rẹ̀ kò lè ní kí a má yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé ẹni tí ó ta ṣọ́ọ̀kì ni ó kẹ́yìn lórí ìlà, lẹ́yìn olùkọ́ tí ń fi ṣọ́ọ̀kì náà kọ̀wé.

Ní ọjọ́ 11 Oṣù Keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, kí gómìnà kankan má sì dá a dúró. Ìdájọ́ ńlá ni fún oníṣòwò. Bí a bá tẹ̀ lé e dé ojú àmì, kò ní sí akápò tí yóò tún lè sọ pé, "Owó kò tíì ti Àkúrẹ́ dé."

Ìdúró yìí ní ewu mìíràn. Láti àárín ọdún 2023, nígbà tí a yọ owó ìrànwọ́ orí epo tí náírà sì já wálẹ̀, iye owó ọjà di ohun tí ń yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ó fi iye owó oṣù Kẹta sílẹ̀, tí L.P.O. jáde ní oṣù Kẹfà, lè tà á ní àdánù. Ìyá oníwèé ní òògùn èyí. Ní ìsàlẹ̀ ìwé iye owó rẹ̀, ó máa ń kọ pé, "Iye owó yìí dúró fún ọjọ́ 30." Ó sì ní òfin fún ara rẹ̀: ìdá mẹ́ta ọjà òun, ẹyọ ìdá kan ni ìjọba lè jẹ ní gbèsè. Kì í yá owó elélé ra ọjà ìjọba.

BÍ ÀWỌN Ẹlòmíràn TI Ń ṢE É

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni oníṣòwò kékeré ti ń sunkún. Ní ilẹ̀ Kenya, láti ọdún 2013, ìjọba ní kí a ya 30 nínú 100 lára ọjà tí ìjọba ń rà sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, àwọn obìnrin àti àwọn abirùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 30 ni òfin fún ọ́fíìsì ìjọba láti san owó bíìlì tí kò ní àbùkù. Ghana ní òfin ríra ọjà ìjọba tirẹ̀ láti ọdún 2003, ọdún mẹ́rin ṣáájú tiwa. N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ dán mọ́rán níbẹ̀; orí kò sí níbi tí kò ti fọ́. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé a lè kọ ọ́ sínú òfin kí oníṣòwò kékeré rí àyè, kí owó rẹ̀ sì ní ọjọ́.

Àwa náà lè béèrè fún un. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jà ní Ore àti Odigbo lè jọ lọ bá àwọn káńsẹ́lọ̀ wọn, kí wọ́n ní kí a máa lẹ orúkọ gbogbo ọjà tí a fẹ́ rà mọ́ ara pátákó sẹkitéríàtì, kí a sì má ṣe béèrè ìwé ilé iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́ ẹni tí ń ta ìgbálẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 sì wà, tí ó fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé béèrè ohun tí ìjọba rà àti iye tí ó rà á. Ọjọ́ 7 ni ọ́fíìsì ní láti dáhùn. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tí Ó Ga Jù Lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin yìí kò mọ sí ọ́fíìsì Ìjọba Àpapọ̀ nìkan.

ÌMỌ̀RÀN DÍẸ̀

1. Má ṣe gbé ọjà jáde lórí ọ̀rọ̀ ẹnu, bí ẹni tí ó sọ ọ́ tilẹ̀ jẹ́ àna rẹ.

2. Lọ wo pátákó ìkéde sẹkitéríàtì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Iṣẹ́ kì í wá ẹni wá sí ìsọ̀.

3. Tún ìwé C.A.C. àti ti owó orí rẹ ṣe nígbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Ọjọ́ tí ìkéde bá jáde, ó ti pẹ́ jù.

4. Kọ ọjọ́ tí iye owó rẹ yóò ṣiṣẹ́ dà sínú ìwé iye owó. Béèrè bóyá owó orí V.A.T., tí ó jẹ́ 7.5 nínú 100, wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Bí wọ́n bá yọ owó orí àsansílẹ̀ lára owó rẹ, gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ti ìwọ ni, a ó yọ ọ́ kúrò nínú owó orí rẹ lọ́la.

5. Ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé ní méjì kí o tó fi í sílẹ̀, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ mọ́ ẹ̀dà tìrẹ.

6. Bí a bá rẹ́ ọ jẹ nínú ìdíje, má ṣe jókòó sílé máa ṣépè. Kọ̀wé sí olórí ọ́fíìsì náà. Òfin 2007 fún ọ ní ọjọ́ iṣẹ́ 15 láti ọjọ́ tí o kọ́kọ́ mọ̀. Ti ìpínlẹ̀ lè yàtọ̀, béèrè rẹ̀ kíákíá.

7. Má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní bébà olórúkọ rẹ, má sì ṣe yá ti ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, nígbà tí àwọn ará ilé bá gbé irú iṣẹ́ ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá yín, ẹ rántí mi.

Àwa olùkọ́ ní ojúṣe mìíràn pẹ̀lú. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n já dẹ́sìkì sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ lè fọwọ́ sí bébà kan ṣoṣo pé, "A gba dẹ́sìkì 20 lónìí." Ìwé náà kò ní dí àyè L.P.O., ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ì bá ní ẹ̀rí kan lọ́wọ́. Omi tútù àti àdúrà dára. Ìfọwọ́sí ni ó kù.

Ní oṣù tí ó kọjá, mo wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Mo gbọ́ ohùn ẹni náà láti inú fóònù: "Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ, ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn." Ẹ̀gbọ́n mi wo àyè tí ẹ̀rọ ìfági rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, níbi tí kò tíì rí owó ra òmíràn sí. Ó ní, "Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Bí ìwé bá ti dé iwájú, èmi náà yóò tẹ̀ lé e lẹ́yìn."

Ẹni náà kò tún pè mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé pákó rẹ̀ ó tà á fún àwọn tí ń kọ́lé, ó sì gba owó rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.